Ìdáhùn: "ìgbì gígùn" kọ́, "gùngbì" ni kí ẹ kọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyí. Àbúrò wa kan ní Ìkẹ́rẹ́ ń túmọ̀ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí eré tí wọ́n ń pè ní sáàfìn, èyí tí èèyàn fi ń dúró lórí pákó tí ìgbì òkun ń gbé e bọ̀ wá sí etí omi. Ó ń wá orúkọ fún eré náà, fún ẹni tó ń ṣe pákó rẹ̀, fún aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ bí omi bá tutù, àti fún iṣẹ́ àánú tí àwọn eléré náà ń ṣe. Ọ̀gá wa ní Adó ní "ìgbì gígùn". Ẹlòmíràn ní "ìlúwẹ̀ẹ́ orí pákó". Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìdó ní kí a kúkú kọ "sáàfìn" kí a lọ sùn, torí Èkìtì kò ní òkun.

Ti ẹ̀gbọ́n ni n ó kọ́kọ́ mú. Èmi ò bínú sí ọ̀rọ̀ àyálò. A ti gba bọ́ọ̀lù, a ti gba tẹníìsì, ilé ò wó. Ìdí tí ẹ̀gbọ́n fi lélẹ̀ ni kò tà létí mi. Ṣé torí pé ràkúnmí ń jẹko ní Ọmùò la ṣe ní orúkọ fún un? Wọ́n ti fi eré yìí kún Òlíḿpíìkì láti ìgbà ti Tokyo ní 2021, wọ́n ṣe é ní Teahupo'o ní Tahiti ní 2024, ó sì wà nínú ètò Los Angeles ti 2028. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Adó gbọ́dọ̀ pè é ní nǹkan kan. Ká má sì pè é ní eré òyìnbó. Àwọn ará Hawaii ló ni ín kí òyìnbó tó débẹ̀, àwọn ọmọdé etíkun tiwa níhìn-ín náà sì mọ̀ ọ́n: James Alexander, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra ní àwọn ọdún 1830 tí wọ́n fi pákó fífúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí ìgbì sì gbé wọn wálé. Lónìí, ẹ lọ sí Tarkwa Bay ní Èkó, ẹ ó rí àwọn ọmọ wa lórí omi.

"Ìlúwẹ̀ẹ́ orí pákó" kò bá a mu. Ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ́ tu pákó lọ pàdé ìgbì ló ń ṣe ohun tó jọ ìlúwẹ̀ẹ́. Tó bá ti dìde, omi ló ń ṣiṣẹ́.

Ó wá ku ti ọ̀gá wa. Ẹ bá mi ka èyí: "Wọ́n fẹ́ràn ìgbì gígùn." Ṣé eré náà ni wọ́n fẹ́ràn, àbí ìgbì tó gùn? Ọ̀gá yóò ní "ẹṣin gígùn" náà rí bẹ́ẹ̀, kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, torí kò sẹ́ni tó ń wọn gígùn ẹṣin. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yìí ń wọn ti ìgbì! Ìgbì tó gùn lọ rẹrẹ ni wọ́n ń torí rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Chicama ní Peru. Ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ ru ẹrù méjèèjì nínú ìwé kan náà.

Ọ̀nà àbáyọ wà lọ́wọ́ wa. Kọ àti ìwé di kọ̀wé, ẹni tó ń ṣe é di akọ̀wé, a sì ní pátákó ìkọ̀wé. Gun àti ìgbì yóò di gùngbì, agùngbì, àti pákó ìgùngbì. Ẹnu wa ní Èkìtì á sọ ọ́ di ùgùngbì, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé, kò burú. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ fi àmì ohùn sí i. Láìsí àmì, ará Èkìtì tó bá rí "agun" níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, odó àti ọmọ odó ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ tí àwọn ará Hawaii fún un, he'e nalu, yíyọ̀ lórí ìgbì ló ń sọ, kì í ṣe gígùn ún. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ló ń bá. Gùn kò sì béèrè pé kéèyàn dúró, nítorí náà ó gba àwọn ọmọ Accra tó dojú ikùn délẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú.

Ẹni tó ń ṣe pákó ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí. Àwọn kan ti dábàá "olùpèsè pákó", ọ̀rọ̀ tó dà bíi ti ilé iṣẹ́ ìjọba. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe. Láyé àtijọ́ igi ni, bíi koa ti Hawaii. Láti òpin àwọn ọdún 1950 ó di fóòmù, odindi kan tí wọ́n la igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí láàrin láti orí dé ìdí bí ọ̀pá ẹ̀yìn. Á gbé e ka orí àga iṣẹ́ nínú yàrá tí iná rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò wà lókè, kí òjìji lè tú àṣírí gbogbo ibi tó wú tàbí tó jin. Á fá a, á fi ọwọ́ pa á lára, á tún fá a. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tẹ́ aṣọ fáíbà lé e, èyí tí àwọn tó ń lẹ bọ́ńpà ọkọ̀ ní Adó mọ̀ dáadáa, wọ́n á da oje kẹ́míkà sí i títí á fi le. Iṣẹ́ kí ni èyí bí kò ṣe gbígbẹ́? Ìpínlẹ̀ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ la wà, ẹni tí ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn Wembley ní London ní 1924. Agbẹ́pákó ni kí a pè é. Pé fóòmù ti rọ́pò igi kò yí orúkọ padà.

Ti aṣọ, "aṣọ òtútù" kò lè ṣiṣẹ́, súwẹ́tà ti gbà á. Omi máa ń wọ inú aṣọ náà díẹ̀, ara á mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, rọ́bà kò sì ní jẹ́ kí ooru sá. Ohun tí wọ́n fi ń gùngbì ní Lofoten ní Norway nìyẹn, níbi tí yìnyín wà létí omi. (Ẹni tó bá ti wẹ̀ ní Ìkógòsì, mo gbà á nímọ̀ràn kó jókòó sí Ìkógòsì.) Aṣọ rọ́bà tó.

"Iṣẹ́ àánú" bá ti Dókítà Dave Jenkins mu. Ìgbì ló wá lọ sí erékùṣù Mentawai ní Indonesia, ibà tó ń pa àwọn ará ibẹ̀ ló bá, ó sì dá àjọ aláàánú SurfAid sílẹ̀ ní 2000. Ṣùgbọ́n àwọn agùngbì Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kóra jọ ní 1990, tí wọ́n wọ aṣọ rọ́bà àti ìbòjú gáàsì lọ bá àwọn aṣòfin torí ìgbẹ́ tí wọ́n ń dà sókun, àánú ta ni wọ́n ń ṣe? Ìjà ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń jà. Bí wọ́n bá pe ara wọn jọ láti ṣa ìdọ̀tí etíkun, ọ̀wẹ̀ ni.

Ó ku kan tí àbúrò kò béèrè, tí ìwé náà kò sì lè ṣe kó má ní: ìgbà tí ìgbì bá gbé agùngbì jù sínú omi. Ẹ má ṣe wá ọ̀rọ̀ tuntun síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti wo ìjàkadì rí mọ̀ ọ́n: ìgbì dá a.