Kí ló dé tí “novi” fi ń di “novog”? Ọ̀rọ̀ àbọ̀ ní èdè Sẹ́bíà

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè Sẹ́bíà, mo rí “Vidim novi most” (mo rí afárá tuntun), mo sì tún rí “Vidim novog učitelja” (mo rí olùkọ́ tuntun). Ní èdè yìí, ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ akọ, abo tàbí kò-ṣakọ-kò-ṣabo. Akọ ni most, akọ náà ni učitelj, àbọ̀ sì ni àwọn méjèèjì. Kí ló mú ìparí ọ̀rọ̀-àpèjúwe wọn yàtọ̀? “Poznajem starog kolegu” (mo mọ alábàáṣiṣẹ́ àtijọ́ kan) tún wá da gbogbo rẹ̀ rú.

Ará Kétu
Ẹ̀mí ló fà á. Bí ọ̀rọ̀ akọ bá jẹ́ ènìyàn tàbí ẹran, ọ̀rọ̀-àpèjúwe rẹ̀ á gba -og, òun fúnra rẹ̀ á gba -a: novog učitelja, crnog psa (ajá dúdú). Bí ẹ bá rí novoga, novog náà ni. Akọ tí kò lẹ́mìí kì í yí padà: novi most. Igi ń hù, ó ń dàgbà, síbẹ̀ aláìlẹ́mìí ni wọ́n kà á sí: Vidim stari bor (mo rí igi páìnì àtijọ́).

Bí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀-àpèjúwe bá parí sí č, ć, dž, đ, š, ž, j, lj tàbí nj, -eg ni kí ẹ lò: mlađeg brata (àbúrò ọkùnrin), našeg učitelja.

Abo rọrùn, -u ni: novu knjigu (ìwé tuntun). Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú ni abo tí kò ní -a níparí, bíi noć àti reč. Wọ́n á rí i pé noć kò yí padà, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Rárá o! Celu noć (gbogbo òru), novu reč (ọ̀rọ̀ tuntun). Ti kò-ṣakọ-kò-ṣabo dúró bó ṣe wà: novo selo (abúlé tuntun), loše vreme (ojú ọjọ́ burúkú).

Ẹ má sì fi Faransé tí a kọ́ nílé ìwé wọn akọ àti abo wọn. Abo ni table (tábìlì) ní Faransé, akọ ni sto ní Sẹ́bíà. Akọ ni livre, abo ni knjiga. Ẹni tó bá gbé ti Faransé wá á sọ “Kupujem novu sto”, bẹ́ẹ̀ novi sto ló yẹ kó sọ.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́
Ará Kétu, ẹ ṣeun. Ó ku kolega. Ìrísí abo ló ní, -a rẹ̀ ń di -u, ṣùgbọ́n ọkùnrin là ń sọ, ẹni náà sì ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe ń wò: starog kolegu, tvog tatu (bàbá rẹ). Bó bá jẹ́ obìnrin, staru koleginicu.

Tó bá di ọ̀pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí parí: nove učitelje, nove mostove, nove knjige. Ti kò-ṣakọ-kò-ṣabo, nova sela, nìkan ló yàtọ̀. Ẹ ṣọ́ deca (àwọn ọmọ) o: ọ̀pọ̀ ni ní ìtumọ̀, ẹyọ abo ni ní ìparí, malu decu.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ní kí n máa bi ara mi ní “koga?” (ta ni) tàbí “šta?” (kí ni). Ṣé ìyẹn tó?

Ará Kétu
Ó tó fún ènìyàn. Fún ẹran, kò tó: wọ́n lè béèrè “Šta vidiš?” (kí lo rí?), kí ìdáhùn sì jẹ́ malog konja (ẹṣin kékeré). Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ atọ́kùn u (nínú) àti na (lórí) pẹ̀lú. Idem na veliku pijacu (mò ń lọ sí ọjà ńlá): ìrìn wà níbẹ̀, ẹ fi ìparí àbọ̀ sí i. Bí ẹ bá ti wà nínú ọjà náà, na velikoj pijaci ni, ìparí mìíràn pátápátá.