Ṣé igbe ni gbogbo ohùn ẹyẹ?

Ẹ̀gbọ́n, mo rí "ìdágbe-ẹyẹ-mọ̀" tí ẹ dábàá fún ohun tí amọ̀nà kọ́ wa nínú igbó Lekki ní Sátidé: kéèyàn gbọ́ ẹyẹ, kó sì mọ èyí tó jẹ́ láì tíì fojú kàn án. Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn díẹ̀.

Ìkéde ẹ̀kọ́ náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa kò lámì kankan: "E wa ko igbe eye." Àbúrò mi ní Yaba kà á, ó ní ṣé oko la fẹ́ fi ìgbẹ́ ẹyẹ sí tá a fẹ́ lọ kó o wá láti Lekki. Mo rẹ́rìn-ín títí. Kò sì jẹ̀bi.

Ká tiẹ̀ fàmì sí i, igbe ò kárí. Ẹyẹ tó tajú kán rí àṣá, igbe ló ń ké: kúkúrú, kíákíá, káwọn yòókù lè sá. Ṣùgbọ́n èyí tí akọ ń fà gùn láàárọ̀ nígbà tí àsìkò tí akọ ń gun abo bá tó, tó fi ń kìlọ̀ fún akọ mìíràn pé ibi tòun nìyí, tó sì fi ń pe abo, orin nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀, àwa náà sì ti yà á tipẹ́. Kowéè ń ké; ìbákà ń kọrin. Ta ló máa ń yin akọrin pé ohùn rẹ̀ dà bí igbe ìbákà?

Ẹni tó ní ká lo "ìró" ńkọ́? Ìró ìbọn, ìró agogo. Rárá o.

Ẹ rántí bó ṣe lọ. Lórí afárá orí igi yẹn, tó gùn tó mítà 401, ó ń mì, àwọn èèyàn ń pariwo, a ò gbọ́ ẹyẹ kan. Ìgbà tá a sọ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà onípákó tó gba inú irà kọjá ni amọ̀nà ní ká panu mọ́. Ohùn kan wá ń rẹlẹ̀ bọ̀ nínú ewé, bí omi tó ń dà lẹ́nu ìgò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na fóònù rẹ̀ sókè kí áàpù tó ń dá ohùn ẹyẹ mọ̀ bá a gbọ́ ọ. Kí fóònù tó ronú tán, bàbá tó wà lẹ́yìn wa ti ní, "Ẹ̀lúlùú nìyẹn. Òjò ń bọ̀." (Òjò ò kúkú rọ̀.) Bàbá ò rí ìyẹ́ kan. Orúkọ ẹyẹ náà gan-an ni ohùn rẹ̀, etí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìfetímẹyẹ" wá. Bí a ṣe hun "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò" náà la ṣe hun ún, ó sì gba igbe, ó gba orin. Ẹ lè ní "mọ" nìkan ò tó, pé "dá mọ̀" ló yẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ fẹnu pe "ìfetídẹ́yẹmọ̀" lẹ́ẹ̀mẹta níwájú amọ̀nà kẹ́ ẹ wò ó.

Afetímẹyẹ ni bàbá yẹn. Ọmọkùnrin onífóònù ńkọ́? N ò tíì pinnu. Tẹ́ ò bá sì gba tèmi, ẹ ṣáà bá mi sọ fáwọn tó ń kọ ìkéde kí wọ́n fàmì sórí ọ̀rọ̀ wọn kí Sátidé mìíràn tó dé.