Béárìn: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìyá àti ọmọ lórúkọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Láti ìgbà tí ìbéèrè ti wọlé pé kí ni ká máa pe béárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀, irin tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè máa yí, ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ti jáde: "agbẹ́rù", "oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀" àti "òṣùká". Mo ka gbogbo àlàyé tó tẹ̀ lé wọn, inú mi sì dùn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹni tó mú "agbẹ́rù" wá wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "bear", tó túmọ̀ sí gbé, kò wo irin náà. Bí a bá ní ká fi ẹrù gbígbé sọ nǹkan lórúkọ lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, síríǹgì ni yóò kọ́kọ́ gba orúkọ yẹn. Iṣẹ́ béárìn ni pé kí irin kan lè máa yí lórí irin kejì láìha ara wọn. "Oríkèé" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ oríkèé ń ká, ó ń nà. Kì í yí po. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó wà nítòsí ibẹ̀ ló jọ oríkèé gan-an, bí a bá sì ti fi orúkọ yẹn fún béárìn, kí la ó máa pe ìyẹn? Ní ti "òṣùká", ọ̀rọ̀ náà wù mí púpọ̀. Ó rí roboto, ó wà láàárín orí àti ẹrù, ó ń gba orí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùká tó bá ń yí lórí, ẹrù máa dà nù ni. Ẹ jẹ́ ká fi í pamọ́ fún róbà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńjìnnì síìtì. Òṣùká ẹ́ńjìnnì: ìyẹn bá a mu rẹ́gí.

Èrò tèmi ni pé kí béárìn máa jẹ́ béárìn. Ó ti di tiwa bí táyà àti búrẹ́dì ṣe di tiwa. Àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò lórúkọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí, torí ó ti ná mi lówó.

Hilux àtijọ́ kan ni mo fi ń kó gààrí. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé "ariwo" ti tó láti fi pe àmì àìsàn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò tó o. Páàdì bíréèkì tó ti jẹ dé irin máa ń han. Jọ́ìntì ṣáfùtì tó ti lọ máa ń dún kọ́kọ́kọ́ bí ẹ bá ń yà. Béárìn ní tirẹ̀ ń kùn bí oyin inú ihò igi, bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni kíkùn náà ń ròkè. Tèmi a máa le bí mo bá yà sí òsì, a sì rọlẹ̀ bí mo bá yà sí ọ̀tún. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà sí òsì, ẹrù rẹ̀ ń tẹ̀ sí ọ̀tún, nítorí náà ẹsẹ̀ ọ̀tún la fura sí. Mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e, ó fi ọwọ́ kan di táyà mú lókè, ó fi èkejì dì í mú nísàlẹ̀, ó mì ín. Ó ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. "Béárìn ti jẹ," ló wí. Kò sọ pé ó bàjẹ́. Nǹkan lè bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni irin ń jẹ.

Ó wá sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Pààrọ̀ béárìn." Ọmọ náà yọ èyí tí irin wẹ́wẹ́ tò yí ká, ó mú tuntun, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíríìsì ní àtẹ́lẹwọ́ títí gíríìsì fi yọ láàárín àwọn irin náà lápá kejì. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kíkùn náà padà. Nígbà tí a tún un tú, mo ti ìka bọ inú họ́ọ̀bù, irin àárín tí a ń de táyà mọ́. Òrùka irin kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, inú rẹ̀ ni àwọn irin wẹ́wẹ́ yẹn ti ń yí, ojú rẹ̀ sì kún fún kòtò kéékèèké tó ń kọ́ mi ní èékánná. Òrùka àtijọ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ náà rò pé ara họ́ọ̀bù ni. Kò ṣeé bá wí: béárìn ni ọ̀gá ní kó pààrọ̀, béárìn ló sì pààrọ̀.

Yorùbá ti ní bí wọ́n ṣe ń pe irú nǹkan báyìí. Òkúta ńlá ni ìyá ọlọ, èyí tí a fi ń lọ nǹkan lórí rẹ̀ ni ọmọ ọlọ. Odó náà ní ọmọ. Irú béárìn tí mò ń sọ yìí, tí Henry Timken gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1898, irin inú rẹ̀ tín-ín-rín ní orí kan kó lè gba ẹrù tó ń bọ̀ láti òkè àti èyí tó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tí irin wẹ́wẹ́ yẹn tò yí ká ni ọmọ béárìn. Òrùka inú họ́ọ̀bù ni ìyá béárìn. Ẹnìkan lè ní ìyá ọlọ kì í kúrò lójú kan, òrùka yìí sì ń bá họ́ọ̀bù yí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dídúró ló sọ ọ́ di ìyá, bí kò ṣe pé ara rẹ̀ ni ọmọ ti ń ṣiṣẹ́.

Bí ọ̀gá yẹn bá ti sọ pé "pààrọ̀ rẹ̀ tìyátọmọ", mi ò bá má san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn á sì lè kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé ìyá nìkan la ń fi òòlù gbá wọlé. Ọmọ, ọwọ́ lásán la fi ń tì í sáyè rẹ̀.

Ó ku páànù tó di àwọn irin wẹ́wẹ́ náà mú kí wọ́n má fọ́n ká. "Àgò" ló wá sí mi lọ́kàn, bí àgò adìẹ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dá a sọ. Ẹ̀yin tí mẹkáníìkì wà nítòsí yín, ẹ bá mi bi àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àní àwọn ọmọ iṣẹ́ gan-an, kí ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn, ká tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.