Ta ló ní "ìdájọ́ àwùjọ"?

Tísà Kétu:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí Ọmọ Àjàṣẹ́ fi ránṣẹ́ fún àwọn tó ń bi àwọn Mùsùlùmí ní ìbéèrè kiri Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bénin lórí ẹ̀tọ́, ogún, ìgbéyàwó àti ìjọba. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbé mì: "ìdájọ́ àwùjọ", tó fi rọ́pò justice sociale ti àwọn Faransé, ìyẹn kí kálukú nílùú rí ohun tó tọ́ sí i gbà.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Ì-dá-ẹjọ́. Ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá a. Bí wọ́n bá ń bi obìnrin kan bóyá tálákà àti olówó ń rí ìtọ́jú kan náà nílé ìwòsàn, èwo ni ẹjọ́ níbẹ̀? Ta ló pè é, ta ló ń jẹ́ ẹ? "Àwùjọ" náà, lẹ́nu àwọn àgbà wa, àwọn tó pé jọ sójú kan ni, kì í ṣe gbogbo ìlú. Ẹ wá so méjèèjì pọ̀: ìdájọ́ tí èrò tó pé jọ dá. Ìyẹn ni pé ọwọ́ tẹ olè lọ́jà, èrò pé lé e lórí, ẹnì kan sì ti sáré lọ gbé táyà.

Ìdájọ́ fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ní rere nínú. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ṣé ẹni yẹn ò dá ẹjọ́ ni? Ó dá a. Ìdájọ́ ni, ìdájọ́ ìkà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́ Yorùbá fi ń fi "òdodo" tì í lẹ́yìn kó tó lè dúró.

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé àná ni èyí bẹ̀rẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, ìwé Ámósì, ìdájọ́ ló ní kó máa ṣàn bí omi, kò sì sí olùpẹjọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa rìn kúrò níbi tí wọ́n bí i sí. "Àlùfáà" àti "wàásù" ńkọ́? Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí la ti rí wọn, Crowther mú wọn wọ Bíbélì, kò sí onígbàgbọ́ tó ń bèèrè ẹni tó ni wọ́n mọ́.

Ẹ sọ ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ fún mi. Bí ó bá jẹ́ "ìṣedéédéé" lẹ fẹ́ sọ, mi ò gbà. Déédéé, aago mẹ́jọ ni wọ́n fi ń sọ. "Ara mi ò ṣe déédéé": ibà ló ń bọ̀ yẹn. "Ìdájọ́ òdodo" tí ẹ sì ń gbé gẹ̀gẹ̀, àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ti sọ ọ́ di ìdájọ́ òdòdó. Ẹni tó bá fẹ́ já òdòdó lọ sílé ẹjọ́, kó máa lọ.

Àfáà Ọ̀nà-Mọ́sálásí:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń tú ọ̀rọ̀ tiwa, ẹ ò wo èdè tí àwọn tí ẹ fẹ́ bi léèrè fi kọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré. Ohun tí Kùránì ń pè ní ʿadl, "déédéé" ni ìtumọ̀ Yorùbá fi sí i, wọn ò sì ṣì í. Inú gbòǹgbò kan náà ni ʿidl ti wá, ìyẹn ẹrù ẹ̀gbẹ́ kan lára ràkúnmí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wúwo jù, gbogbo rẹ̀ á dà. Àwa ò ní ràkúnmí, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ àwọn tó ń di kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò kpayo, ti fàyàwọ́, sí ọ̀tún àti òsì alùpùpù? Ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbéra, déédéé ni. Kò kan aago.

Déédéé kì í sì í ṣe ọgbọọgba, ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí ti ń ṣubú. Ẹ gba àpẹẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Mínbáríyà, nítorí orí mínbárì, àga ìwàásù mọ́sálásí, ni wọ́n ní Àlí, kálífà kẹrin, wà nígbà tí wọ́n bi í. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó, ọmọbìnrin méjì, bàbá àti ìyá sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ti àwọn ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́fà ni ti òbí kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in sí 24: 3, 16, 4, 4. Ó di 27! Ìpín ju ohun ìní lọ. Wọn kì í yọ ẹnì kankan kúrò o. 27 náà ni wọ́n á pín in sí, kálukú á gba iye ìpín rẹ̀, ìdá mẹ́jọ ìyàwó á di ìdá mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn pàdánù, kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ bi mí bóyá wọ́n dọ́gba, n ó ní rárá. Ẹ bi mí bóyá ó ṣe déédéé, n ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá kọ "ìdọ́gba" sínú ìwé ìbéèrè yóò gba "rárá" lọ́wọ́ mi, yóò sì lọ kọ ọ́ pé àfáà kò fẹ́ kí ayé gún.

Èyí tó burú jù nínú àkójọ náà ni ẹ ò rí. Ó fi "àbòsí" dípò ìnilára. Lẹ́nu Mùsùlùmí tó ń ka ìtumọ̀ Kùránì, alábòsí ni ẹni tó ń ṣe ẹlòmíràn ní ibi, tó ń gbé nǹkan síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Lẹ́nu ará ọjà, alábòsí ni ẹlẹ́nu méjì. Ẹ bi èèyàn mẹ́wàá pé "ṣé ìjọba ń ṣàbòsí?", ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa dáhùn.

"Sẹ̀ríà" ńkọ́? Ojú ọ̀nà tó lọ síbi omi ni sharīʿa ní ìpìlẹ̀. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di ìyà: "wọ́n dá sẹ̀ríà fún un." Ẹ wá lọ bèèrè pé "ṣé ẹ fẹ́ sẹ̀ríà?" Ta ló fẹ́ ìyà? Ẹ kọ "òfin Ìsìláàmù", kó tán.

Ẹ sì ya sàká sọ́tọ̀ kúrò lára sàráà. Sàráà, bó bá wù ọ́. Sàká, ìdá kan nínú 40 ni, lórí owó tó tó iye wúrà gíráàmù 85, tó sì ti pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ: mílíọ̀nù 10 sẹfà, 250 000 ni. Kùránì sọ pé ẹ̀tọ́ tí a mọ iye rẹ̀ wà nínú ohun ìní fún alágbe àti ẹni tí kò ní. Ẹ̀TỌ́. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀, òun nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ̀yin bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n àwa tó ń gbé ìwé ìbéèrè wọ ilé onílé mọ̀ pé kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn, bó ṣe "ìdájọ́", bó ṣe "déédéé", bó ṣe "ẹ̀tọ́". Bí o bá fi "ìdájọ́" bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà á gbà pé Ọjọ́ Ìdájọ́ lò ń wí, á sì ṣàdúrà fún ọ. Àgbà tó bá ń bọ̀wọ̀ fún àlejò á ní "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣé ẹ gbà pé". Ẹ fi ọ̀ràn síwájú wọn, ẹ fi orúkọ sílẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ: ọkùnrin kan kú. Wọ́n ti yọ owó ìsìnkú, wọ́n san gbèsè, wọ́n sì yọ ohun tó kọ fún ẹni tí kò sí nínú àwọn ajogún, tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ó ku 4 800 000 sẹfà. Ìyàwó méjì. Ìyáálé bí ọkùnrin kan. Ìyàwó kékeré bí ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Báwo ni kí wọ́n pín in?

Bó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan á gba 2 400 000. Ọmọ ìyáálé á dá tirẹ̀ gba, àwọn mẹ́ta yòókù á gba 800 000 kálukú. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, 1 200 000 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ti Ìsìláàmù, ìyàwó méjèèjì á pín ìdá mẹ́jọ, 300 000 sí 300 000. Èyí tó kù á di ọ̀nà méje, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan 1 200 000, obìnrin 600 000. Ẹ wò ó dáadáa: ọkùnrin kò jẹ ju ti orí-ò-jorí lọ rárá. 600 000 tó kúrò lọ́wọ́ ọmọbìnrin, ọ̀dọ̀ àwọn opó ló lọ. Ẹni tó ń bèèrè "obìnrin ńkọ́?" gbọ́dọ̀ sọ obìnrin wo.

Òfin ìjọba wà lọ́tọ̀. Òfin ẹbí ilẹ̀ Bénin, Òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004, kò ya ọmọ ọkùnrin sí obìnrin, ìyàwó kan ṣoṣo ló sì mọ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ òfin-ìpìlẹ̀ ti ní ní òpin 2002 pé kí wọ́n yọ ìkóbìnrinjọ kúrò nínú rẹ̀. Yìgì nìkan, láìdé ilé méérì, kò di ìgbéyàwó lójú òfin yẹn. Nítorí náà ẹ má ṣe bèèrè "ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó?" kí ẹ sì lọ. Ìbéèrè méjì ni: yìgì ńkọ́, méérì ńkọ́. Ẹ bi ìyàwó kékeré nígbà tí ọkọ kò sí nítòsí.

Kí ẹ tó tẹ ìwé náà jáde, kí ẹnì kan tí kò rí ti Faransé rí tú Yorùbá rẹ̀ padà sí Faransé. Níbi tí méjèèjì kò bá ti bára mu, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Lẹ́yìn náà kí ẹ kà á fún bí èèyàn mẹ́wàá, kí ẹ má gba ìdáhùn wọn, kí ẹ kàn ní "kí lẹ gbọ́ pé mo bèèrè?" Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni kì í kọjá ibẹ̀.

Tísà Kétu:

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ìdí-igi àti orí-ò-jorí tí ẹ mẹ́nu bà, àwọn baba wa tó sọ bẹ́ẹ̀ kò lọ síléèwé, wọn ò sì fi "ìdájọ́" bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ rí i pé orúkọ gidi kì í le lẹ́nu.

Àfáà, mo gba ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó máa kọ ọ́ fi àmì sí i o. Tọ́, kì í ṣe tọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ hun "ìtọ́" láti ara rẹ̀, kó rántí ohun tí wọ́n ń tọ̀.

Ohun tó kù: ẹ kọ "sẹ̀ríà". Ní ìṣọwọ́kọ ti ilẹ̀ Bénin, sh, ɛ, ɔ ni wọ́n ń kọ dípò ṣ, ẹ, ọ. Ní Kétu, mo ń gbọ́ ṣ níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi s?

Àfáà Ọ̀nà-Mọ́sálásí:

S ni àwọn tó kọ́ mi ń pè é, wọ́n sì ju ìwọ àti èmi lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Mo ti yọ "àbòsí", mo ti yọ "sẹ̀ríà", yálà s tàbí ṣ. Mo kọ sàká àti sàráà sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀ràn Ìyá Ìbejì náà ti wọlé pẹ̀lú iye owó rẹ̀.

"Ìdájọ́ àwùjọ" ṣì wà níbẹ̀. Mo kàn fi "ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Tísà Kétu:

Mẹ̀kúnnù nìkan ló ní ẹ̀tọ́?