Ẹ̀yin tó ti gé awọ itan lẹ́yìn tí ẹ fọn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kílò 58 ló ti kúrò lára mi láàárín ọdún 2, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n awọ inú itan mi rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bí àpò tí wọ́n tú ẹrù inú rẹ̀. Tí òógùn bá ti mú un, á máa ha ara wọn títí á fi bó. Àtíkè ò ràn án mọ́.

Dókítà ní àwọn á gé e láti ibi tí itan ti pàdé ara dé orúnkún, pé kí ìwọ̀n mi kọ́kọ́ dúró sójú kan fún oṣù 6. Àpá ló ń bà mí lẹ́rù: ibi tí wọ́n lu sí mi létí wú di kókó, kílọ́ìdì ni.

Ẹni tó ní irú ara bẹ́ẹ̀, báwo ni ojú àpá yín ṣe rí báyìí? Ṣé ẹ lè jókòó dáadáa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.