Ibojì orúkọ: kí la ó máa pe ibi ìrántí àwọn tó bógun lọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Arákùnrin tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe itẹ́ òkú àwọn sójà ní "ilẹ̀ ìsinmi àwọn akọni tó ṣubú". Ọkàn mi ò gbà á. Ẹni tó bá ṣubú, "pẹ̀lẹ́" là ń kí i, yóò dìde, yóò gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù. Ẹni tó kú sójú ogun kò dìde mọ́.

Níbí l'Ékìtì, "ó bógun lọ" ni yèyé mi àgbà máa ń wí nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ ja ogun Hitler ní Bọ́mà. Bùbá kan tó fi sílẹ̀ wà nínú àpótí yèyé, ó ti ṣá, ọrùn rẹ̀ ti ya. Ọdọọdún ni yèyé ń sá a sóòrùn, tí yóò tún rọra ká a padà bí aṣọ ẹni tó ń bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú.

Ibi tí òkú bá wà, "itẹ́ òkú àwọn sójà" tó. Ibi tí orúkọ nìkan wà ló le. Ní Taukkyan, nítòsí Yangon ní Bọ́mà yẹn náà, wọ́n kọ orúkọ bí 27,000 sára òkúta, àwọn tí a kò mọ ibojì wọn, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. Ẹnì kan pè é ní "òkúta ìrántí". Òkúta ìrántí kẹ̀? Ohun tí wọ́n ń rì mọ́ ògiri nígbà tí gómìnà bá ṣí ọjà nìyẹn.

"Ibojì orúkọ" ni mo mú wá. Ẹ má sọ pé ibojì kì í wà láìsí òkú. Bí ènìyàn bá kú sí ogun ọ̀nà jíjìn láyé àtijọ́, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wálé, wọ́n á sì sin ín bí odidi ènìyàn. Orúkọ ló dípò irun àti èékánná níbẹ̀ yẹn.

Lọ́dún 2021, àjọ Commonwealth tó ń tọ́jú ibojì àwọn sójà fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé, nínú àwọn tó kú sí Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kéré tán 116,000 ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, ọmọ Áfíríkà sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ wò ó, a ò sin àwọn yẹn rárá.

Ìwé tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tó bógun lọ sí ńkọ́? "Ìwé àkọsílẹ̀" ti gbòòrò jù, ti kóòtù náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin àgbà àárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.