Kóòṣì ní kí n sọ kílò méje nù torí welterweight, ṣé kí n ṣe é?

Akànṣẹ́Tuntun: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin ará. Kílò 74 ni mo wà, ìjà ẹ̀ṣẹ́ kíkàn mi àkọ́kọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kóòṣì wá ní welterweight, ìpele ìwọ̀n kan, lòun fi mí sí, páùn 147, ìyẹn bíi kílò 66.7. Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń wo UFC, ìjà tí wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀ tí wọ́n sì ń gbé ara wọn lulẹ̀, ní irọ́ ni, pé kílò 77 ni welterweight, pé ṣe ló yẹ kí n túbọ̀ jẹun. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Àti pé kí tiẹ̀ ni wíwúwo ń ṣe, ṣebí ọwọ́ la fi ń jà?

Ìdòwú_Ríìngì: Àwọn méjèèjì ò parọ́. Welterweight ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni 147, ti UFC ni 170. Lightweight náà, 135 níbí, 155 lọ́hùn-ún. Bíi Táíwò méjì tí wọn ò bí nílé kan náà ni, iye páùn ni kó o máa béèrè, fi orúkọ sílẹ̀.

Bàbá Kóòṣì: Àbúrò, ìgbà wo lẹ máa gun òṣùwọ̀n?

Akànṣẹ́Tuntun: Àárọ̀ ọjọ́ ìjà gan-an sà.

Bàbá Kóòṣì: Háà! Má dán an wò. Àwọn tó ń fi ìjà ṣiṣẹ́ ṣe máa ń gun òṣùwọ̀n lọ́jọ́ tó ṣáájú ni, wọ́n á làágùn omi ara dànù, wọ́n á wá mu ún padà di ọjọ́ kejì, ẹni tóṣùwọ̀n pè ní 147 lánàá lè ti kọjá 155 kó tó wọ ríìngì. Ìwọ ò ní àsìkò yẹn, ẹ̀ṣẹ́ á wá máa bà ọ́ lórí nígbà tómi ti gbẹ lára ẹ. Omi gbígbẹ yìí náà ló pa Yang Jian Bing, oníjà ọmọ Ṣáínà, ní December 2015, ẹni ọdún 21, kò tíì dé orí ìjà tó ń múra sí rárá o. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ONE Championship, àwọn tó ń ṣètò ìjà ẹ̀, fòfin de fífi omi ara gbígbẹ dín ìwọ̀n kù, wọ́n wá ń yẹ ìtọ̀ àwọn oníjà wò bóyá omi wà lára wọn.

Àdùkẹ́: Lórí pé ọwọ́ la fi ń jà, ẹ rántí Adesanya wa, oníjà UFC, ní March 2021, tó kúrò ní páùn 185 lọ bá Blachowicz ní 205, òun fúnra ẹ̀ ò ju 200 àti ààbọ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n. Lórí ìdúró wọ́n jọ ń ṣe é ni, àfìgbà tí bọ̀bọ́ yẹn gbé e lulẹ̀ ní ràùn kẹrin àti ìkarùn-ún tó sùn lé e lórí, kò rí ibi gbà.

Ìdòwú_Ríìngì: Usyk akànṣẹ́ ńkọ́? Cruiserweight, ìpele tó wà lábẹ́ heavyweight, ló ti wá, ó sì na Fury tó tóbi jù ú lọ ní 2024.

Àdùkẹ́: Usyk mélòó lo mọ̀? Fury ò sì lè sùn lé e lórí, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń kàn.

Akànṣẹ́Tuntun: Mo ti padà bá kóòṣì mi, ó ti gbà kí n lọ sí middleweight, 160, kílò kan àtààbọ̀ péré ni màá sọ nù. Mo wá bi í pé kí ló dé tó fi kọ́kọ́ sọ 147, ó ní òun kàn fẹ́ kí n ga ju ẹni tí mo bá bá jà lọ ni 😂